Odù tó bá ti gbó kì í dúró de ọ̀la: bí a ṣe ń bá ẹni tí a kò mọ ìrìn rẹ̀ ta ayò

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ọpọ́n ayò rí yóò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn ń gbà pàdánù. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ọmọ ayò má sí lọ́wọ́ ẹni. Ìyẹn kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀nà kejì ló máa ń dun ni wọra: kí odù ńlá wà nílé ẹni, kí àwọn tó dúró wòran ti máa mi orí pé ọ̀rọ̀ ti parí, kó sì wá di pé odù náà kò jẹ ẹyọ kan. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn òǹwòran á ní oríire ọ̀pẹ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé ọwọ́ ẹni tó ni odù gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá odù rẹ̀ dúró ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó rò pé òun mọ ohun tí ẹnìkejì yóò ta.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ nìyẹn. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe, nígbà tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò ní ìlànà kan pàtó tí ó ń tẹ̀ lé? Ọpọ́n ayò ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀. A ó sì tún ya ìdí àwọn tó ń ta káàdì lókè òkun, kí a tó padà wá sí Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, níbi tí ọ̀rọ̀ agbára àti aládùúgbò kò ti jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lásán mọ́ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

Bí ọpọ́n ṣe rí

Nítorí àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti mọ eré, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, mẹ́fà níwájú ẹnìkìíní, mẹ́fà níwájú ẹnìkejì. Ọmọ ayò 4 ló máa ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó kàn láti ta yóò kó gbogbo ọmọ ayò inú ilé kan ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, títí yóò fi yà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì. Bí èyí tó jù kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ilé náà sì wá di 2 tàbí 3, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, yóò jẹ ìyẹn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa padà sẹ́yìn títí yóò fi kan ilé tí kò ṣe é jẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ 24, wọ́n ta ọ̀mì nìyẹn.

Ẹni tó mọ ayò ta dáadáa là ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ. Ẹni tó bá sì dé bá wọn lórí eré á kí àwọn méjèèjì papọ̀: mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ. Àwọn tó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa eré náà lè wá ìwé tí A. O. Ọdẹ́lẹ́yẹ̀ kọ lórí ayò ní ọdún 1977. Ayò náà wà lára àwọn eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń díje lé lórí níbi ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà.

Agbára tó wà nínú odù

Odù ni ilé tí ọmọ ayò ti pọ̀ jọ sí, pàápàá bí ó bá ti tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun méjì ló fún un ní agbára. Èkíní, ẹnìkejì kò lè jẹ ẹ́, nítorí ilé tó bá jẹ́ 2 tàbí 3 nìkan ló ṣe é jẹ. Èkejì, tí a bá ta á, yóò yí ọpọ́n po. Yóò fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ilé 11 yòókù, yóò fo ilé tí ó ti wá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn kejì. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé ẹnìkejì tó ṣófo tẹ́lẹ̀ yóò di 2, èyí tí ẹyọ kan wà nínú rẹ̀ yóò di 3. Ohun tó ti jọ òfìfo lójú ẹnìkejì yóò wá di oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n odù ní ìgbà tirẹ̀. Ilé kẹfà, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, ni odù ti máa ń tètè gbó: bí ó bá ti jẹ́ 12 sí 17, ìrìn kejì rẹ̀ yóò parí sí ilé ẹnìkejì. Bí ó bá jẹ́ ilé kìíní ní ọwọ́ òsì ni odù wà, ó di ìgbà tí ó bá tó 17 sí 22 kó tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀ta fi fẹ́ràn láti kó odù wọn jọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé iye tó wà nínú odù ló ń sọ ilé tí yóò parí sí. Bí ẹyọ kan bá lé, ilé kan ni yóò fi kọjá ibi tí a fọkàn sí.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Lágbájá àti Tàmẹ̀dò ń ta ayò. Oníkálukú ti jẹ 13. Odù 16 wà ní ilé kẹfà Lágbájá, ẹyọ kan wà ní ilé rẹ̀ kẹta, àwọn ilé rẹ̀ yòókù ṣófo. Ní ti Tàmẹ̀dò, bí a bá kà á láti ilé tó kángun sí odù Lágbájá, ohun tó wà nínú àwọn ilé rẹ̀ ni 0, 1, 0, 1, 1, 2. Lágbájá ló kàn láti ta.

Bí Lágbájá bá ta odù rẹ̀ nísinsìnyí, yóò yí ọpọ́n po, yóò sì parí sí ilé karùn-ún Tàmẹ̀dò. Ilé márùn-ún àkọ́kọ́ náà yóò wá di 2, 3, 2, 3, 3. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe é jẹ, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 13. Lágbájá ní 26, ó ti borí.

Ṣùgbọ́n ká ní Lágbájá sọ pé kí òun dúró díẹ̀, bóyá ọwọ́ òun lè tó 2 tó wà nílé kẹfà Tàmẹ̀dò. Ó wá ta ẹyọ kan tó wà ní ilé rẹ̀ kẹta. Ilé mẹ́rin ni Tàmẹ̀dò lè ta nínú rẹ̀. Bí ó bá ta ilé kejì tàbí ilé kẹfà, odù Lágbájá yóò ṣì jẹ 13. Bí ó bá ta ilé karùn-ún, yóò jẹ 12. Bí ó bá jẹ́ ilé kẹrin ló ta ńkọ́? Ẹyọ kan tó wà níbẹ̀ yóò bọ́ sí ilé karùn-ún, ilé karùn-ún yóò di 2. Nígbà tí odù bá dé, yóò di 4. Mẹ́rin kò ṣe é jẹ. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni odù parí sí, Lágbájá kò ní rí ẹyọ kan jẹ nínú gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ayò kan ṣoṣo tí Tàmẹ̀dò gbé ti sọ odù 16 di òfo.

Ẹ wá wò ó. Bí Tàmẹ̀dò bá jẹ́ ọ̀ta, yóò rí ilé kẹrin náà kíákíá. Lágbájá kò sì gbọdọ̀ fún un láyè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pẹ tó kàn ń ta ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin ni yóò ṣèèṣì ta á. Bí a bá pín ohun tí Lágbájá lè rí jẹ nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, 9 ààbọ̀ ni, ó sì ní 13 lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdádúró náà kò fún un ní nǹkan kan. Ó kàn fún Tàmẹ̀dò ní ọ̀nà àbáyọ tí Tàmẹ̀dò fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ní. Àwọn àgbà kò parọ́ tí wọ́n ní ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́.

Ìdí tí ọ̀pẹ fi lè ṣòro ju ọ̀ta lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ta nìkan ló yẹ kí a bẹ̀rù. Ní tòótọ́, ọ̀ta ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ní ọ̀nà tó ń tọ̀. Ẹni tó bá mọ ayò lè ro ohun tí ọ̀ta yóò rò. Ó lè sọ pé, "Kò ní ta ilé yìí, nítorí bí ó bá ta á, n óò jẹ mẹ́ta." Nítorí náà, ó lè dá odù rẹ̀ dúró fún ìgbà mélòó kan, kí ó máa fi àwọn ẹyọ kéékèèké ta ìtayọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ṣírò rẹ̀ pé ọ̀ta kò ní ọ̀nà tó dára láti ba odù náà jẹ́.

Ẹni tí kò ní ìlànà kò fún ni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ilé tí kò yẹ kó ta, ibẹ̀ ni yóò ta. Yóò ju ọmọ ayò sínú odù rẹ láìmọ̀ pé ó ti yí ibi tí yóò parí sí padà. Nígbà mìíràn, inú ló ń bí i, nítorí ẹ ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀ta paraku ni, tó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bí ọ̀pẹ kí a má baà mọ èrò rẹ̀. Ọ̀kan náà ni ìtọ́jú gbogbo wọn: má ṣe gbé ìrètí rẹ ka orí ohun tí wọn yóò ṣe. Ohun tó wà lójú ọpọ́n ni kí o wò. Bí odù bá ti gbó, tí ohun tí yóò jẹ sì ti tó, ta á.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pàápàá ti kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Vrije Universiteit, ní ìlú Amsterdam, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ipò tí eré kan tí wọ́n ń pè ní Awari lè dé. Òfin Awari sún mọ́ ti ayò wa gan-an, ilé 12 àti ọmọ ayò 48 náà ni. Àwọn ipò tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe rárá, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá borí, àṣìṣe ẹnìkejì ló jẹ. Ẹni tí kò ní ìlànà yóò ṣe àṣìṣe púpọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a gba èrè rẹ̀ nígbà tó bá wà nílẹ̀, kí àṣìṣe mìíràn tó wá tún èyí tó ti ṣe ṣe.

Ohun tí àwọn onípókà mọ̀

Àwọn tó ń ta káàdì pókà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti fi ìṣirò wọ̀n ọ́n. Nínú irú pókà tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń gba káàdì 2 tí òun nìkan rí, káàdì 5 yóò sì wà lórí tábìlì fún gbogbo wọn. Káàdì méjì tó lágbára jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni éèsì méjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 221 ni ènìyàn lè retí pé yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́. Bí ẹni tó ní i bá kojú ẹnìkan ṣoṣo tó mú káàdì èyíkéyìí dání, yóò borí ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọra ń lọ, tó jẹ́ kí ènìyàn márùn-ún bá òun dé òpin, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 49 nínú 100. Káàdì rẹ̀ kò yí padà o. Àyè tó fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ alágbára di ẹgbẹ́ gbogbo ayé.

Nítorí náà ni ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń fi owó tó pọ̀ sílẹ̀ ní kíákíá, kí àwọn tí káàdì wọn kò dára lè yàgò, tàbí kí wọ́n sanwó gọbọi kí wọ́n tó dúró. Bí ó bá sì bá ẹni tí kì í yàgò rárá pàdé, tó jẹ́ pé ohunkóhun tí a bá fi lélẹ̀ ni yóò bá ni fi, kò ní fi káàdì òfìfo dẹ́rù bà á, nítorí ẹ̀rù kì í bà á. Yóò dúró de káàdì gidi, yóò sì jẹ́ kí ó san owó rẹ̀ pé.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Lójú ọpọ́n ayò, kò sí ohun tó pamọ́. Ẹni tó bá lè kà á yóò rí gbogbo rẹ̀. Nínú pókà, káàdì ẹlòmíràn fara sin. Ìgbà 85 nínú 100 dára púpọ̀, àmọ́ ìgbà 15 tó kù kì í ṣe àlá. Ọ̀dọ́ tó bá lọ fi owó ilé tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ ta tẹ́tẹ́ nítorí pé káàdì rẹ̀ lágbára, kò ì tíì yé e pé ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ pàápàá lè pàdánù lọ́jọ́ náà. Ayò tí a kò fi owó sí kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé.

Ìgbà tí sùúrù ṣì dára

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó wá rò pé ìkánjú la ń wàásù. Ní Ifọ́n, ìlú Olúfọ́n, kò sí bí a ṣe lè sọ pé sùúrù kò dára. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ bí Òrìṣà Olúfọ́n ṣe ń lọ kí Ṣàngó, tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè ẹṣin kàn án, tí wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n fún ọdún 7, tó sì fara da gbogbo rẹ̀ títí òtítọ́ fi hàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú kó dé Brazil gbé òrìṣà náà dání, Oxalufã ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní.

Lójú ọpọ́n, ìgbà mẹ́ta ló yẹ kí a ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìgbà tí odù kò tíì gbó. Odù tí kò lè parí sí ilé tó ṣe é jẹ, òkìtì lásán ni. Ní irú àsìkò yìí, ó yẹ kí a ti tọ́jú àwọn ẹyọ kéékèèké sí ilé yòókù, kí a máa rí ohun ta. Ẹni tí kò bá ní wọn, odù tútù ni yóò fi tipátipá ta. Èkejì ni ìgbà tí ilé ẹnìkejì bá kún. Níbi tí 3 tàbí 4 bá ti wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, odù yóò kàn fún un ní ẹ̀bùn ni. Ẹ̀kẹta, kí a wo ohun tí yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ta odù tán. Odù máa ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ilé tiwa náà. Bí ẹnìkejì bá ní ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ wa, ẹyọ kan yóò di 2, yóò sì jẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ 13 kó tún ti ibẹ̀ pàdánù 8 kò tíì ṣe tó bó ṣe rò.

Òfin tó kẹ́yìn

Òfin kan kù tí kò yẹ kí a parí ọ̀rọ̀ yìí láìmẹ́nu bà. Bí gbogbo ilé ẹnìkejì bá ṣófo, ẹni tó kàn láti ta kò gbọdọ̀ máa ta sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bí ó bá ní ilé kankan tí ọmọ inú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, dandan ni kó ta á, kí ẹnìkejì lè rí nǹkan ta. Bí odù rẹ ti wù kó tóbi tó, o kò gbọdọ̀ fi ebi pa ẹni tí ẹ jọ jókòó. Àwọn tó ṣe òfin yìí mọ̀ pé ẹni tí kò ní ẹnìkejì mọ́ kò ní eré mọ́.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni ti Orolu. Aládùúgbò ni wọ́n, kò jìnnà sí Òṣogbo. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti wà láàrin wọn. Ní ọdún 2025, ìjà náà gba ẹ̀mí, ó jó ilé, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé ní àwọn ìlú náà àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó wà nítòsí wọn. Ní ọjọ́ tí kónílé-ó-gbélé bá wà, kò sí ẹni tí yóò gbé ọpọ́n jáde sábẹ́ igi, kò sì sí ẹni tí yóò kí ọ̀ta tàbí ọ̀pẹ.

Ohun tí a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí alágbára lo agbára rẹ̀ nígbà tó bá yẹ, ní pàtàkì níwájú ẹni tí kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ojú ọpọ́n ni ìmọ̀ràn náà ti tọ́, nítorí ibẹ̀ ní òfin tí àwọn méjèèjì gbà, ó ní iye tó lópin, ọmọ ayò tí a jẹ yóò sì padà sílé rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin nígbà tí eré tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń jà lé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí àwọn àgbà ìlú méjèèjì bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn ní bí a ti ń ja ìjà tí kò gba ẹ̀jẹ̀, ọpọ́n kò wọ́n. Kí ọmọ Ìlobùú jókòó síhà kan, kí ọmọ Ifọ́n jókòó síhà kejì. Kí ẹni tí odù rẹ̀ bá gbó ta á láìfòyà. Bí ilé ẹnìkejì bá sì ṣófo, kí ó rántí pé òfin ní kí ó fún un ní nǹkan ta.